Kí Ìjọba Tó Yí: Bí Walter Perry Ṣe Gbé Open University Dìde Láàárín Ọdún Méjì

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1970, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour fìdí rẹmi nínú ìbò gbogbogbòò ní Ìlú Ọba. Lọ́jọ́ náà, yunifásítì àtòkèèrè kan wà nílẹ̀ tí ìjọba Labour dá sílẹ̀, Open University. Ó ní gíwá, ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní ilé, àmọ́ kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹgbẹ́ Conservative tó wọlé kò kà á sí ohun gidi. Iain Macleod, tí wọ́n fi ṣe mínísítà ìṣúná, ti pe èrò náà ní ìsọkúsọ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ alátakò. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí yóò jáde wá wọ́de.

Wọn kò tì í. Walter Perry, gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́, ti sáré débi tí ẹni tó bá fẹ́ tì í yóò fi ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe fún ará ìlú. Bó ṣe sáré ọ̀hún, ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà gbìyànjú irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà la fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Dókítà tó mọ ìwọ̀n

Perry kò ti inú ẹ̀kọ́ àgbà wá. Oníṣègùn ni. Dundee ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1921. Ó gboyè ìṣègùn ní yunifásítì St Andrews ní 1943, ìjọba amúnisìn sì gbé e wá sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bíi dókítà láti 1944 sí 1946. Nígbà tó padà sílé, ó bọ́ sídìí ìwádìí oògùn. Láti 1952 sí 1958, òun ni olórí ẹ̀ka tó ń díwọ̀n agbára oògùn ní ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba ní London, kó tó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oògùn ní yunifásítì Edinburgh. Ibẹ̀ ló wà, ó ti di igbákejì olórí yunifásítì náà, nígbà tí wọ́n yàn án ní 1968 láti wá darí yunifásítì tí kò tíì sí.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ ìdíwọ̀n yẹn. Àwọn oògùn kan wà láyé ìgbà náà tí wíwọ̀n lórí òṣùwọ̀n nìkan kò lè sọ bí agbára wọn ṣe tó. Insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tọ́jú àpẹẹrẹ kan pamọ́, gbogbo èyí tí ilé iṣẹ́ bá sì ṣe jáde, wọ́n á fi wé e, kí aláìsàn tó gba abẹ́rẹ́ lónìí àti ẹni tó gbà á lọ́dún tó ń bọ̀ lè gba agbára kan náà. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ní rọrùn láti gbà pé kí ẹ̀kọ́ kan náà dùn lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kó sì kan lẹ́nu òmíràn. Àwa la so méjèèjì pọ̀ o. Ṣùgbọ́n Perry fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé àánú àgbàlagbà tí kò rí ilé ìwé lọ kọ́ ló gbé òun débẹ̀. Bí ìkọ́ni ṣe rí jákujàku ní àwọn yunifásítì tó wà nílẹ̀ ló ń bí òun nínú.

Èrò náà ti wà kó tó dé. Michael Young, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti ń pariwo yunifásítì onílẹ̀kùn ṣíṣí láti 1962, ó sì dá National Extension College sílẹ̀ ní Cambridge lọ́dún kejì láti fi gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, Harold Wilson dìde ní Glasgow, ó ní òun yóò dá yunifásítì orí afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di olórí ìjọba, Jennie Lee, mínísítà rẹ̀ kan, ló fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Obìnrin yẹn ló fàáké kọ́rí pé bí yóò bá jẹ́ yunifásítì, kó jẹ́ yunifásítì gidi, kí oyè rẹ̀ má rẹlẹ̀ sí ti ibòmíràn. Orúkọ tí Wilson fún un kò pẹ́ kó tó yí padà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn gbọ́ “afẹ́fẹ́”, wọ́n ń ro amóhùnmáwòrán, bẹ́ẹ̀ ìwé títẹ̀ àti lẹ́tà ni yóò ru ẹrù náà.

Ìwé àṣẹ àti owó: ọ̀nà méjì tí kò pàdé

Perry gorí àga ní oṣù kìíní ọdún 1969, nínú ilé kan ní Belgrave Square ní London. Oṣù yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò yunifásítì náà, tí Peter Venables darí, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ni oṣù kìíní ọdún 1971. Ọdún méjì gééré nìyẹn, ó sì ní láti wá àwọn olùkọ́, kó wá ilẹ̀, kó kọ ẹ̀kọ́ mẹ́rin, kó tẹ̀ wọ́n, kó ya fíìmù wọn, kó sì gba orúkọ àwọn tó fẹ́ wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ lépa ni ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin, èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje, wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní London, ní ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Geoffrey Crowther tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà onípò ọlá sọ níbẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ náà yóò ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn, fún ibi, fún ọ̀nà ìkọ́ni, àti fún èrò. Wọ́n ṣì ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ di òní.

Agbára ìwé àṣẹ yẹn ju ayẹyẹ lọ. Òun ló fún yunifásítì náà ní ẹ̀tọ́ láti fún ènìyàn ní oyè tirẹ̀ láì dúró de yunifásítì mìíràn láti fọwọ́ sí i, mínísítà kan kò sì lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo fagi lé e. Àmọ́ ìwé àṣẹ kì í san owó oṣù. Àwọn yunifásítì tó kù ń gba owó ìjọba láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan tó dúró láàárín wọn àti àwọn olóṣèlú. Open University kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn; ọwọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tààràtà ló ti ń gba tirẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba bá yí, a kò lè fagi lé orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ebi pa á. Ibi tó ti tinrín nìyẹn, Perry sì mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀kọ́ kan

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n kó lọ sí Walton Hall ní Milton Keynes, ìlú tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dá ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ń lò títí dòní: ẹgbẹ́ akọ̀wé-ẹ̀kọ́.

Olùkọ́ kan kì í dá kọ ẹ̀kọ́ kan. Àwọn olùkọ́ bíi mélòó kan yóò jókòó pẹ̀lú olóòtú ètò láti BBC, ẹni tó mọ̀ nípa ọgbọ́n ìkọ́ni, àti olóòtú ìwé. Ẹnì kan yóò kọ ìpín kan, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lè fi bíi wákàtí mẹ́wàá parí. Yóò há a fún àwọn tó kù, wọn yóò sì fà á ya. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, wọ́n á fún àwọn àgbàlagbà díẹ̀ tó yọ̀ǹda ara wọn kí wọ́n kà á, kí wọ́n sọ ibi tó ti rú wọn lójú. Ìgbà yẹn ni yóò tó lọ sílé ìtẹ̀wé.

Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìtìjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fi ogún ọdún kọ́ni nínú yàrá tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan kò wọ̀ rí, òun náà ni wọ́n wá ń fi báírò pupa rẹ́ gbólóhùn rẹ̀. Kò rọrùn. Èkejì ni ọjọ́. Sítúdíò tí BBC yà sọ́tọ̀ fún wọn ní Alexandra Palace kì í dúró de ẹnikẹ́ni; bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yíya fíìmù bá pé, wọ́n á ya èyí tó wà lọ́wọ́. Bí ẹni tó kọ ìpín kejìlá bá wá yí ọkàn padà lẹ́yìn oṣù méjì, amóhùnmáwòrán yóò máa sọ ọ̀tọ̀, ìwé yóò máa sọ ọ̀tọ̀. Ìpín kan tó bá pẹ́ yóò ti ìpín tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, ìyẹn náà á ti òmíràn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́ kò yẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ ọ̀nà àti ìtàn, ẹ̀kọ́ àwùjọ, ìṣirò, àti sáyẹ́ǹsì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ dúró di 1972. Sáyẹ́ǹsì ló le jù láti gbé dé ilé ènìyàn. Wọ́n di àpótí kan tí ohun èlò àti kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú awò amúhun-tóbi kékeré oníke tí dókítà kan tó ń jẹ́ McArthur gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀. Ó kéré débi pé ọwọ́ kan gbá a mú, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fún bí wọ́n ṣe ṣe é. Àyálò ni àpótí náà: akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi owó sílẹ̀, yóò dá a padà lópin ọdún, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dí ohun tó bá jò, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Tábìlì ìjẹun ni yàrá ìwádìí.

Oríṣi méjì ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Èkínní jẹ́ ìbéèrè tí a ó fa ìlà sí ìdáhùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì jẹ́ àròkọ tàbí ìṣirò tí olùkọ́ aláàbọ̀-àkókò tó wà nítòsí akẹ́kọ̀ọ́ ń yẹ̀ wò. Àmọ́ láti ọwọ́ olùkọ́ yẹn, ìwé náà yóò kọ́kọ́ gba Walton Hall kó tó padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ díẹ̀ nínú wọn wò bóyá olùkọ́ náà fọwọ́ líle jù tàbí ó ń há máàkì bí ẹni há ẹ̀pà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìdíwọ̀n oògùn yóò rẹ́rìn-ín tó bá rí i. Ìlànà kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kan wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Wọ́n á lọ gbé inú ọgbà yunifásítì mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lọ sílé. Oyè lásán gba kírédíìtì mẹ́fà, oyè onípò gba mẹ́jọ, kírédíìtì kan sì jẹ́ iṣẹ́ odindi ọdún kan.

Ìdí tí iye orí fi ṣe kókó

Ní ọdún 1970, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ìforúkọsílẹ̀. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Ẹni tó bá tètè dé ni yóò tètè wọlé, àyàfi pé wọ́n pín àyè sí ẹkùn àti sí ẹ̀kọ́, kí London má bàa gbé gbogbo rẹ̀. Àwọn tó béèrè lé ní 40,000. Àyè tó wà jẹ́ 25,000. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí tíṣà ṣùgbọ́n tí kò ní dìgírì.

Èyí ló wà lórí tábìlì nígbà tí ìjọba yí. Macleod kú ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1970, oṣù kan péré lẹ́yìn tó di mínísítà ìṣúná, ọ̀rọ̀ náà sì kù sọ́wọ́ Margaret Thatcher, mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Àwọn kan ń sọ pé ikú Macleod nìkan ló gba ilé ẹ̀kọ́ náà là. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Thatcher jẹ́ ẹni tó máa ń ka owó, ìṣirò ẹ̀kọ́ àtòkèèrè sì dùn létí ẹni tó ń ka owó.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tí a fọwọ́ ara wa dá ṣe àpẹẹrẹ. Bí ṣíṣe ẹ̀kọ́ kan bá ná 100,000 pọ́ùn, tí bíbójú tó akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ná 50 pọ́ùn, akẹ́kọ̀ọ́ 500 yóò mú kí orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 pọ́ùn. Bí wọ́n bá di 5,000, orí kọ̀ọ̀kan di 70. Owó ńlá ni ti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kún un lẹ́yìn náà kò ná ni ní púpọ̀. Ní yunifásítì onígbàgede, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀, yàrá ló ń fẹ́, ibùsùn ló ń fẹ́, olùkọ́ ló ń fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Open University pa nígbà náà, ó ti ná owó tó pọ̀ jù, ó sì fẹ́ pàdánù èyí tó kéré, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà tí wọ́n ti ń dúró de lẹ́tà. Ká ní ìbò yẹn wáyé ní 1969 ni, kí orúkọ tó wọlé, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ìjọba náà kò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá o. Thatcher fẹ́ kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 pẹ̀lú, nítorí owó rẹ̀ kéré ju ti gbígbé wọn sí ọgbà yunifásítì lọ. Perry kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ̀ ọ́ gbọnrangandan. Ó gbà kí wọ́n dán an wò pẹ̀lú díẹ̀ láti 1974. Àwọn ọmọ náà kò ṣe dáadáa tó àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n olórí ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ó jẹ́ kí àbájáde bá wọn sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1971, ètò àkọ́kọ́ jáde lórí ìkànnì amóhùnmáwòrán BBC2. Nǹkan bí 24,000 akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gbogbo Ìlú Ọba da iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di oṣù kẹta. Ọjọ́ 47.

Yunifásítì tó ń kọ́ni nípasẹ̀ lẹ́tà, lẹ́tà kò sì rìn. Ohun tó yọ wọ́n ni pé àpò ìwé àkọ́kọ́ ti dé ilé akẹ́kọ̀ọ́ kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Fún èyí tó kù, wọ́n fi ọkọ̀ kó ìwé lọ sí àwọn ibùdó ẹ̀kọ́ káàkiri, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá gbà á níbẹ̀, kí wọ́n sì já iṣẹ́ àṣetiléwá wọn síbẹ̀. Amóhùnmáwòrán àti rédíò tí àwọn ènìyàn ti rò pé òun ni orí ẹ̀kọ́ náà wá di olùpolongo. Ibùdó ẹ̀kọ́ yìí tún wúlò fún nǹkan mìíràn: kì í ṣe gbogbo ilé ní ń rí BBC2 nígbà yẹn, nítorí náà ẹlòmíràn ń wá síbẹ̀ láti wo ètò tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àtòkèèrè tó bá rò pé òun kò nílò ilé kankan nítòsí akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ kan ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ àgbà kọ́. Ìforúkọsílẹ̀ oṣù kìíní kì í ṣe ti ìkẹyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò san díẹ̀, yóò ka ìwé fún bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò sọ bóyá òun ń bá a lọ. Nǹkan bí 19,500 ló fìdí orúkọ wọn múlẹ̀. Àwọn yòókù lọ láìsí gbèsè ńlá lọ́rùn, ilé ẹ̀kọ́ náà sì mọ iye tó ń kọ́ ní tòótọ́. Ẹni tó bá ka orúkọ ọjọ́ kìíní bí akẹ́kọ̀ọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Àwọn tíṣà tí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí wọn dín kírédíìtì kù, tí wọ́n sì ń ṣe méjì lọ́dún, parí ní òpin 1972. Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, wọ́n gba oyè wọn ní Alexandra Palace, ilé kan náà tí wọ́n ti ń ya fíìmù ẹ̀kọ́ wọn. Perry di Sir ní 1974, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù ní 1979, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ fún John Horlock ní 1981.

Abuja, 1983

Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1983, òfin tó dá National Open University sílẹ̀ ní Nàìjíríà jáde lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari. Afolabi Ojo, onímọ̀ jọ́gíráfì láti Yunifásítì Ifẹ̀, ẹni tó kọ ìwé lórí àṣà àti ààfin Yorùbá, ni wọ́n fi ṣe gíwá. Ìbò gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Muhammadu Buhari dá yunifásítì náà dúró.

Ẹ fi oṣù wé oṣù. Perry ní oṣù mẹ́tàdínlógún láàárín ọjọ́ tó gorí àga àti ọjọ́ tí ìjọba yí. Láti ọjọ́ tí òfin ti Nàìjíríà jáde títí di ọjọ́ tí ológun dé, oṣù márùn-ún lásán ni. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọ kíláàsì, kò sí ìwé tí ó ti dé ilé ẹnikẹ́ni, kò sí tíṣà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kánò tí yóò béèrè pé ìwé òun dà. Ẹni tó bá sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ojo kò sáré tó, kò ka kàlẹ́ńdà.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni òfin yẹn. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà dúró ni, wọn kò fagi lé òfin rẹ̀. Nígbà tí Olusegun Obasanjo jí i dìde ní 2001, òfin 1983 ló gbé jáde látinú àpótí, Olugbemiro Jegede sì di gíwá àkọ́kọ́ fún èyí tí a mọ̀ sí NOUN (National Open University of Nigeria) lónìí.

Ẹ̀gún wà nínú òfin náà. Ní ayé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, ọ̀rọ̀ “correspondence”, ìyẹn ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà, kò ní àbùkù. Yunifásítì Èkó náà dá ẹ̀ka Correspondence and Open Studies sílẹ̀ ní 1974 tìlùtìfọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà nínú òfin NOUN ni wọ́n wá dì mú nígbà tí àwọn tó kàwé òfin níbẹ̀ fẹ́ wọ Nigerian Law School: wọ́n ní ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà kò sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò. Àwọn ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú dìgírì lọ́wọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá tún òfin náà ṣe, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúrò. Ẹni tó buwọ́ lu àtúnṣe náà ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari.